Láti orí ọ̀gì padà sí abùlà: jíjẹun lẹ́yìn ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọ̀fun

ỌmọMọ́kọ́lá (olùbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Bàbá ẹni ọdún 61 ni mò ń béèrè fún. Jẹjẹrẹ ọ̀fun ni. Wọ́n gba rediotẹ́rápì (ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ìtànṣán ṣe) nígbà 35 láàárín ọ̀sẹ̀ 7, wọ́n sì gba kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, mọ́ ọn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 6 tí wọ́n parí. Rọ́bà oúnjẹ ṣì wà nímú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń mu ọ̀gì díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu. Omi lásán ló máa ń pá wọn lórí jù. Ìwé tí wọ́n fún wa ní kí á máa fún wọn ní ọ̀dùnkún gígún àti kọ́sítáàdì. Kò dárúkọ àmàlà, kò dárúkọ ẹ̀bà. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá, abùlà ni wọ́n ń béèrè láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn ará ilé ní kí á fún wọn, pé òkèlè kì í ṣe ohun tí à ń rún, pé á kàn yọ̀ lọ ni. Ẹ jọ̀wọ́, nínú oúnjẹ tiwa, èwo ló ṣíwájú, èwo ló kẹ́yìn, kí la sì fi ń mọ̀ pé àkókò ti tó?

Olùtọ́júỌ̀fun

Ẹ kú ìtọ́jú o, Ọlọ́run á fún yín lókun. Ẹ má tíì fún bàbá lókèlè. Pé a kì í rún òkèlè kò sọ ọ́ di oúnjẹ ìrọ̀rùn. Ohun tí a bá rún, eyín ti gé e, itọ́ ti bá a pò, ahọ́n sì ti kó o jọ kó tó dé ọ̀fun. Òkèlè kò rí ọ̀kankan gbà nínú èyí. Ọbẹ̀ tó yọ̀ àti agbára ìdí ahọ́n ló ń gbé e lọ. Ìdí ahọ́n yìí gan-an ni ìtànṣán ti bà jẹ́, itọ́ sì ti gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá mọ èyí á lè dá oúnjẹ kóúnjẹ yẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Bí a bá fẹ́ gbé nǹkan mì, ìdí ahọ́n a tì í sẹ́yìn, gògóńgò a gòkè a sì tẹ̀ síwájú, ìdérí ọ̀nà èémí a bò, ẹnu ọ̀nà tó lọ sí ikùn a wá ṣí. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Lẹ́yìn rediotẹ́rápì, ẹran ibẹ̀ a wú. Tó bá yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Gògóńgò kò ní gòkè bó ṣe yẹ mọ́, ìdérí a sì pẹ́ kó tó bò.

Wàhálà wá pín sí méjì. Omi ń sáré, ó ti dé ẹnu ọ̀nà èémí kí ìdérí tó bò. Ìdí nìyẹn tó fi ń pá bàbá lórí. Iyán kì í sáré ní tiẹ̀, ó ń lẹ̀ ni. Ó máa kù sí kọ̀rọ̀ ọ̀fun, tí wọ́n bá wá mí kanlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àárín àwọn méjèèjì la ti ń bẹ̀rẹ̀: ohun tó ki, tó kúnná, tó lómi lára, tí kò lẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣáájú ohun gbogbo: ṣé wọ́n ti yẹ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì wò láti ìgbà tí ìtọ́jú ti parí? Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wò ó. Ọ̀kan ni kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gba ihò imú wọ̀, kí aláìsàn máa jẹ oúnjẹ aláwọ̀ kí wọ́n lè rí ibi tó ń gbà. Èkejì ni fídíò X-ray, bárìọ́ọ̀mù, èròjà tó ń hàn lójú X-ray, ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ fún ìyẹn. Ikọ́ nìkan kò tó láti fi ṣe òdiwọ̀n. Ìtànṣán lè mú kí ọ̀fun má mọ nǹkan lára mọ́, kí oúnjẹ máa wọ ẹ̀dọ̀fóró láìsí ikọ́ rárá.

ỌmọMọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an ni. Wọ́n fi kámẹ́rà wò wọ́n ní ENT (ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun) kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, wọn kò tíì wò wọ́n láti ìgbà tó ti parí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa padà lọ rí dókítà.

Olùtọ́júỌ̀fun

Ẹ béèrè fún un lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ní kí onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ àti gbígbé-mì wà níbẹ̀. Ẹ di ọ̀gì àti gbẹ̀gìrì sínú ike kékeré dání. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ nílé gan-an ló dára jù láti fi dán ọ̀fun wò.

Onímọ̀Oúnjẹ_Bódìjà

Ẹ kú ìrọ́jú o. Àtẹ tí wọ́n ń lò káàkiri ayé báyìí láti fi sọ bí oúnjẹ àti ohun mímu ṣe ki tàbí rọ̀ tó ni IDDSI. Ìpele rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 7. Ohun mímu wà láti 0 dé 4, oúnjẹ wà láti 3 dé 7. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín pé kò dárúkọ àmàlà, torí ohun tó wà nínú àwo là ń dán wò, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọ̀gì ilé kan lè jẹ́ ìpele 1, kí ti ojúlé kejì jẹ́ ìpele 4.

Bí a ṣe ń dán ohun mímu wò: ẹ ra sírínjì 10 ml ní kẹ́mísì. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti àmì 0 dé àmì 10. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 61.5 mm, torí sírínjì kì í rí bákan náà. Ẹ yọ ọ̀pá inú rẹ̀, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ rọ ọ̀gì sí i dé 10. Ẹ ṣí ìka, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ tún dí i, kí ẹ wá wo iye tó kù. Bí kò bá tó 1 ml, ìpele 0 ni, bí omi. Láti 1 sí 4 ml jẹ́ ìpele 1. Láti 4 sí 8 jẹ́ ìpele 2. Bó bá ju 8 lọ àmọ́ tó ṣì ń ro, ìpele 3. Bí kò bá ro rárá, ìpele 4 ni, ṣíbí la sì fi ń jẹ ẹ́, a kì í fi ife mu ún.

Ìpele 4 ní ìdánwò tiẹ̀. Ẹ bù ú sórí fọ́ọ̀kì: ó yẹ kó jókòó jọ, kó má máa ro láàárín eyín fọ́ọ̀kì. Ẹ bù ú sí ṣíbí, ẹ dojú ṣíbí dé: ó yẹ kó jábọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Èyí tó bá di ṣíbí mú yóò di ọ̀fun mú.

Ọ̀gì ní ìwà méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó ń ki sí i bó ṣe ń tutù, nítorí náà bó ṣe gbóná lára tó nígbà tí wọ́n fẹ́ mu ún ni kí ẹ dán an wò, kì í ṣe bó ṣe ń bọ̀ láti orí iná. Èkejì ni pé itọ́ ń tú u. Bí ṣíbí bá ń ti ẹnu bọ inú àwo léraléra, ọ̀gì tó ki níbẹ̀rẹ̀ á ti ṣàn bí omi kó tó tán. Àwọn tí itọ́ wọn gbẹ náà ní ìwọ̀nba tó lè ṣe èyí. Ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀ sí àwo kékeré, kí ẹ fi ìyókù sínú kúlà. Bí ọ̀gì bá sì ti kan jù, yóò máa ta ọgbẹ́ ẹnu wọn. Ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ fi tuntun rọ́pò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tàbí kí ẹ ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́.

Oúnjẹ wa wá nìyí, bí mo ṣe máa tò ó. Gbẹ̀gìrì ni ọba níbẹ̀rẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀, tí a sè jinná, tí a sẹ́, kúnná, ó lómi lára, ó sì ní purotéènì. Ẹ sè é ki dé ìpele 4, láìsí ata rodo. Ẹ lo tàtàṣé tí a ti yọ kóró rẹ̀, tí a sì fi asẹ́ sẹ́ lẹ́yìn lílọ̀. Ẹ̀dọ̀ tàbí ẹja tí a ti yọ gbogbo egungun rẹ̀, tí a fi bílẹ́ńdà lọ̀ pẹ̀lú omi ọbẹ̀, wà ní ìpele yẹn náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ tútù tí a bá fi omi gbígbóná pò títí kò fi ní kókó mọ́.

Mọ́ínmọ́ín ló tẹ̀ lé e, èyí tó rọ̀ tó ń mì, tí kò ní ẹyin tàbí ẹja nínú. Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ tó gbẹ kúrò, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀. Níhìn-ín a ti dé ìpele 5, tí hóró inú oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ ju 4 mm lọ. Àlàfo eyín fọ́ọ̀kì tó ìyẹn. Iṣu àsáró tó rọ̀ gan-an wà níbẹ̀, bó bá lómi lára tí kò sì lẹ̀. Ìpele 6 ni ègé tí kò ju 15 mm lọ, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́, á fọ́, kò sì ní padà sí bó ṣe wà.

Àwọn tó kẹ́yìn: ìrẹsì, torí hóró rẹ̀ ń tú ká kò sì sí itọ́ tó máa kó o jọ, búrẹ́dì, ẹ̀bà, iyán, pọ̀nmọ́. Gàrí inú omi ni mo kórìíra jù lọ fún wọn. Omi rẹ̀ á sáré lọ ṣáájú, hóró gàrí á ṣì wà lẹ́nu, ọ̀fun tó ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́tun kò lè ṣe ìtọ́jú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan.

ÌyáOlóúnjẹ_Agodi

Ẹ kú àlàyé. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu ba ewédú? Ó yọ̀ ju gbẹ̀gìrì lọ. Mo rò pé òun ló yẹ kó kọ́kọ́ wá.

Olùtọ́júỌ̀fun

Ẹ ṣé, mà. Yíyọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo ń bẹ̀rù fún ẹni tí omi ń pá lórí. Ewédú àti ilá ń fà, apá tó ti sọ̀ kalẹ̀ lè fa ìyókù tẹ̀ lé e kí ẹni náà tó ṣe tán láti gbé e mì. Ewé tí ìjábẹ̀ kò jà dáadáa, àti kóró ilá, máa ń kù sára ọ̀fun pẹ̀lú. Ìyẹn kò ní kí á pa á tì. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ gbẹ̀gìrì, ìdá kan ewédú sí ìdá mẹ́ta gbẹ̀gìrì fún ìbẹ̀rẹ̀. Gbẹ̀gìrì á dín eré rẹ̀ kù, òun náà á mú kí gbẹ̀gìrì yọ̀. Ẹni tí ìṣòro tirẹ̀ jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, tí omi kì í pá lórí, ewédú lè ràn án lọ́wọ́ gan-an. Àyẹ̀wò ló máa sọ èwo ni ti bàbá.

Nọ́ọ̀sìÌtọ́júIlé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdí àwo. Kí wọ́n tó jẹun, ẹ fọ ẹnu wọn. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, torí kòkòrò inú ẹnu tó bá itọ́ tàbí oúnjẹ wọ ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń di òtútù àyà. Ṣíbí tíì kan iyọ̀ àti ṣíbí tíì kan baking soda nínú lítà omi kan, kí wọ́n fi yọ ẹnu kí wọ́n tu ú dànù. Kán-ún kọ́ o, ìyẹn á jó wọn lẹ́nu.

Kí wọ́n jókòó gangan lórí àga, kí ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí oúnjẹ wà lẹ́nu. Ìdajì ṣíbí tíì sí ṣíbí tíì kan ni kí ẹ máa bù. Ẹ jókòó kí ojú yín bá tiwọn dọ́gba. Bí ẹ bá dúró lé wọn lórí, wọ́n á gbé àgbọ̀n sókè láti wò yín, gbígbé àgbọ̀n sókè sì ń ṣí ọ̀nà èémí sílẹ̀. Kí wọ́n gbé e mì, kí wọ́n tún gbé mì lẹ́ẹ̀kejì láìfi nǹkan kún un, kí wọ́n wá sọ pé “áà”. Bí ohùn bá dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, kí wọ́n húkọ́, kí wọ́n gbé mì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó bu òmíràn. Bí ohùn olómi yẹn kò bá lọ, ẹ dá oúnjẹ dúró nígbà náà.

Bí oúnjẹ bá ti kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, iṣan ti rẹ̀. Ibẹ̀ ni òpin oúnjẹ ti máa ń ṣe jàǹbá. Ẹ gbé àwo kúrò, kí ẹ pín ìjẹ lóòjọ́ sí 6. Kí wọ́n wà lórí ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán lẹ́yìn oúnjẹ.

Ti rọ́bà imú: ẹ wo àmì tó wà níbi ihò imú kí ẹ tó fi nǹkan sí i, ẹ fa omi ikùn díẹ̀, kí ẹ fi bébà pH, èyí tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn, dán an wò; 5.5 tàbí kó kéré sí i ló fi hàn pé inú ikùn ló wà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i. Omi 30 ml ṣáájú, 30 ml lẹ́yìn. Kí orí wọn ga, kí wọ́n má sùn gbalaja fún wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí kò bá kọjá nínú asẹ́ aṣọ kò gbọ́dọ̀ wọ rọ́bà, á dí. Oúnjẹ rọ́bà tó bá ti wà níta ju wákàtí 2 lọ nínú ooru wa, ẹ dà á nù.

Ohun tó ń gbé èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an: ara gbígbóná tó dé 38°C, èémí tó ń yára, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó pọ̀ lójijì tàbí tó ní àwọ̀ oúnjẹ, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn. Ẹ má dúró de ikọ́. Bí nǹkan bá wá há wọn tí wọn kò lè mí tàbí sọ̀rọ̀, ẹ má fi omi tì í, kí ẹnikẹ́ni má sì fi òkèlè tì í, bí a ṣe máa ń ṣe fún egungun ẹja. Ẹ tẹ̀ wọ́n síwájú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá wọn láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn wọn, ẹ fọwọ́ gbá ikùn wọn mọ́ra lókè ìdodo, kí ẹ fà á sínú sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì, kí ẹnìkan máa wá ọkọ̀.

Ohun kan kù tí mo máa ń bẹ ará ilé lórí rẹ̀: ẹ má fún wọn ní ṣíbí epo pupa tàbí àdí lásán láti fi “tú” ọ̀fun. Epo kì í mú ọ̀fun húkọ́ bí omi, bó bá sì wọ ẹ̀dọ̀fóró, á dá òtútù àyà tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó ṣòro láti wò. Inú oúnjẹ ni kí ẹ pò ó sí.

ApòògùnDùgbẹ̀

Mo fi ti oògùn kún un. Kì í ṣe gbogbo hóró oògùn là ń fọ́. Èyí tí wọ́n ṣe kó máa yọ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 12 tàbí 24 lè tú gbogbo agbára rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ bá fọ́ ọ. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn wá fún apòògùn, kí ó sọ èyí tó ní olómi. Oògùn ìrora, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ. Oògùn tí ń mú ẹnu kú, ẹ má lò ó ṣáájú oúnjẹ láìbéèrè, torí ọ̀fun tí kò mọ nǹkan lára kò lè ṣọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí funfun bí wàrà lórí ahọ́n, tí ó sì ń ta wọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olú ẹnu (àrùn tí wọ́n ń pè ní thrush). Oògùn wà fún un, ara á sì tù wọ́n láti jẹun.

ỌmọMọ́kọ́lá

Ẹ kú làálàá lórí wa. Bàbá ní eré ìdárayá ọ̀fun tí wọ́n kọ́ wọn kò wúlò níwọ̀n ìgbà tí rọ́bà wà. Ṣé kí á dúró dìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́?

Olùtọ́júỌ̀fun

Rárá o, ẹ jọ̀wọ́. Iṣan tí a kò bá lò ń joro, ọ̀fun tó sinmi pátápátá fún oṣù mélòó kan sì lè má padà sípò. Rọ́bà wà láti gbé ara dúró, kì í ṣe láti gba iṣẹ́ ọ̀fun. Ìwọ̀nba ṣíbí tí àyẹ̀wò bá gbà láyè, kí wọ́n máa gbé e mì lójoojúmọ́.

Àwọn tí mo máa ń kọ́ni nìyí, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ara bá gbà. Àkọ́kọ́, kí wọ́n fi ahọ́n ti àjà ẹnu tagbáratagbára, kí wọ́n gbé itọ́ mì bí ẹni ń fi gbogbo iṣan ọrùn fún un. Èkejì, kí wọ́n fọwọ́ kan gògóńgò, kí wọ́n gbé itọ́ mì; bí gògóńgò bá ti gòkè, kí wọ́n fi iṣan dá a dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3. Èyí ṣòro láti kọ́, ẹ dúró níwájú dígí. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n na orí ahọ́n síta díẹ̀, kí wọ́n fi eyín mú un jẹ́ẹ́jẹ́, kí wọ́n gbé itọ́ mì. Itọ́ nìkan. Oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ sí lẹ́nu, torí àhámọ́ ahọ́n yìí ń mú kí nǹkan ṣẹ́ kù sí ọ̀fun.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n dùbúlẹ̀ láìní ìrọ̀rí, kí wọ́n gbé orí nìkan sókè wo ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí èjìká má kúrò nílẹ̀: ìṣẹ́jú kan lókè, ìṣẹ́jú kan ìsinmi, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà gbígbé kíákíá 30. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n máa ń ṣe é. Ẹni tí ọrùn ń dùn, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Kí ó ká tówẹ̀lì sábẹ́ àgbọ̀n, kí ó jókòó, kí ó máa fi àgbọ̀n tẹ̀ ẹ́ ní iye kan náà. Ọ̀pọ̀ àgbà fẹ́ràn ti tówẹ̀lì jù, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ fún wọn.

Ẹ wo bí ẹnu ṣe ń ṣí pẹ̀lú. Ìka ọwọ́ wọn mẹ́ta lóòró yẹ kó wọ àárín eyín òkè àti ìsàlẹ̀. Bí kò bá tó 35 mm, àgbọ̀n ti ń gan. Ẹ to igi pẹlẹbẹ tí dókítà fi ń wo ọ̀fun léra wọn, iye tó wọ ẹnu láìsí ìrora, kí wọ́n mú un fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìgbà 5 lóòjọ́. Bí ó bá ti rọrùn, ẹ fi igi kan kún un. Ẹni tí eyín rẹ̀ ń mì kò gbọ́dọ̀ ṣe èyí láìbéèrè.

Nípa títẹ àgbọ̀n sí àyà kí wọ́n tó gbé nǹkan mì, tí ẹnu gbogbo ènìyàn ń sọ: ó ń gba àwọn kan, ó sì ń mú ti àwọn mìíràn burú sí i. Ẹ má dá a lò kí wọ́n tó wò ó lórí kámẹ́rà tàbí X-ray.

Gígan yìí kì í parí pẹ̀lú ìtọ́jú. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nítorí náà kódà nígbà tí bàbá bá ti ń jẹ ohun gbogbo, kí ìdárayá yìí má kúrò nínú ọ̀sẹ̀ wọn.

OníṣègùnEyín_Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹnu tó gbẹ ń ba eyín jẹ́ kíákíá. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ fi orín sílẹ̀ ná, ó ń ha ẹran ẹnu tí kò tíì jinná. Kí ẹnikẹ́ni má yọ eyín wọn láìsọ fún oníṣègùn náà pé wọ́n ti gba rediotẹ́rápì ní ọrùn tàbí ẹnu, ì báà jẹ́ ọdún 10 sẹ́yìn. Egungun àgbọ̀n tí ìtànṣán ti kọjá lè má jinná lẹ́yìn yíyọ eyín, ó sì lè kú.

AṣèbéèrèỌjàỌba

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé gbogbo èyí kan ẹni tí wọ́n gé gògóńgò rẹ̀ kúrò pátápátá, tó ń mí láti ihò ọrùn?

Olùtọ́júỌ̀fun

Ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ ti pínyà, oúnjẹ kò lè gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Ìdárayá gògóńgò kò kàn án. Ìṣòro tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀nà oúnjẹ fún, tàbí pé kò sí agbára tó ń ti oúnjẹ. Bó bá ní ẹ̀rọ ohùn kékeré láàárín ọ̀nà méjèèjì, kí ó mu omi aláwọ̀ díẹ̀, kí ẹnìkan tan iná sí ihò ọrùn. Bí àwọ̀ bá yọ síbẹ̀, ẹ̀rọ náà ń jò, kí ó lọ rí wọn ní ENT.

Fún bàbá náà àti gbogbo ènìyàn: bí oúnjẹ líle bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nísàlẹ̀ ọrùn níbi kan náà lójoojúmọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ti fún. Ìdárayá kò lè tú ìyẹn. Dókítà ló máa ń fẹ̀ ẹ́.

ỌmọMọ́kọ́lá

Ó kù méjì. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé oúnjẹ tó? Ìgbà wo ni rọ́bà á kúrò?

Onímọ̀Oúnjẹ_Bódìjà

Ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀: kàlórì 30 fún kílò kan lóòjọ́, purotéènì gíráàmù 1.2 sí 1.5 fún kílò kan. Bí bàbá bá wọ̀n ní kílò 60, kàlórì 1,800 àti purotéènì 72 sí 90 gíráàmù. Ọ̀gì lásán kò lè gbé ìyẹn láéláé, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ fi mílíìkì lẹ́búlẹ́bú gíráàmù 30 sí abọ́ ọ̀gì kan: nǹkan bí kàlórì 150, purotéènì bíi 8. Ṣíbí ìjẹun kan òróró: 120. Ẹyin kan tí a pò sínú rẹ̀ lórí iná títí ó fi jinná, tí a sì sẹ́: 70, purotéènì 6. Ṣíbí ìjẹun kan ẹ̀pà lílọ̀ tó kúnná: nǹkan bí 95, purotéènì 4, ṣùgbọ́n ẹ tú u dáadáa torí ó ń lẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi nǹkan kún un, ẹ tún sírínjì lò, ìpele rẹ̀ ti yí padà.

Bí ẹnikẹ́ni tó ń kà á bá ní aláìsàn tí kò jẹ nǹkan kan tó láti bí ọjọ́ mẹ́wàá, kí ó má sáré bọ́ ọ yó nílé. Àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bíi fọ́sífétì àti pòtásíọ́ọ̀mù lè já wálẹ̀ lójijì. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ máa wọn bàbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kan náà. Rọ́bà sábà máa ń kúrò bí wọ́n bá ti ń gba gbogbo oúnjẹ, omi àti oògùn lẹ́nu, tí ìwọ̀n ara wọn kò sì lọ sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, láìsí òtútù àyà. Àwọn dókítà wọn ló máa sọ ọ́. Ẹ sì ní kí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ tírọ́ọ̀dì (ẹṣẹ́ ọrùn tó ń darí agbára ara) wò nínú ẹ̀jẹ̀ ní oṣù 6 sí 12 síra wọn. Ìtànṣán ọrùn lè mú un rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó máa rò pé àìjẹun ló ń mú kó rẹ wọ́n.

Adùn oúnjẹ ń padà bọ̀ láàárín oṣù mélòó kan, ti àwọn mìíràn máa ń tó ọdún kan. Ẹ má bínú bí wọ́n bá ní gbẹ̀gìrì yín kò dùn.

ÌyáOlóúnjẹ_Agodi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àmàlà náà fún ọjọ́ tí wọ́n bá gbà wọ́n láyè. Ẹ jọ ẹ̀lúbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rò ó ní rírọ̀ ju ti àlejò lọ, kí ẹ fi ọmọ orógùn fọ́ gbogbo kókó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ dé e kó jinná, ẹ tún un rò. Bí ó bá dúró, ojú rẹ̀ á yi, ẹ ha ojú yẹn kúrò.

Olùtọ́júỌ̀fun

Ẹ ṣé gidigidi, mà. Kí ẹ wá fi ìdá méjì gbẹ̀gìrì sí ìdá kan àmàlà yẹn, kí ẹ fọ́ ọ pọ̀ nínú àwo títí ó fi máa jábọ́ lára ṣíbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣíbí tíì ni ẹ ó fi bù ú, ọwọ́ kò tíì yá. Ọwọ́ ń bu òkèlè tó tóbi láìmọ̀. Ṣíbí 5 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní àárọ̀ tí ara wọn le, kì í ṣe alẹ́. Bí ohùn bá mọ́, tí ara kò gbóná láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ gbé e sí 10. Bí ó bá lọ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dín gbẹ̀gìrì kù díẹ̀díẹ̀ títí wọn á fi dọ́gba, kí ẹ tó ronú nípa òkèlè tó tó orí àtàǹpàkò. Ẹ̀bà á dúró fún oṣù mélòó kan sí i, iyán ni kí ó kẹ́yìn gbogbo wọn.

ỌmọMọ́kọ́lá

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A ti ra sírínjì, ọ̀gì òwúrọ̀ yìí ku 3 ml. Ìpele 1 nìyẹn, àbí?

Onímọ̀Oúnjẹ_Bódìjà

Òun ni. Ó ṣàn jù fún ẹni tí omi ń pá lórí. Ẹ dá a padà sórí iná, ẹ pò ọ̀gì díẹ̀ sí i, kí ẹ dán an wò lẹ́yìn tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ohun tó kù á fi kọjá 4. Ìpele 2 ni kí ẹ máa fún wọn títí dọjọ́ àyẹ̀wò.